Bàbá Àyìnlá Pa Súìsì Náà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí, ẹ fún mi láyè kí n tú ohun tó wà nínú mi sílẹ̀. Ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti gbé e pamọ́. Mi ò lè gbé e mọ́. Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí ni pé ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí, wọ́n fẹ́ mú bàbá arúgbó kan kúrò nílé rẹ̀ ní Bẹyẹrúnkà nítorí irọ́ tí mo pa mọ́ ọn.

Mi ò ní dárúkọ ara mi. N ó pe ara mi ní Ìyá Tòbi, n ó pe bàbá náà ní Bàbá Àyìnlá, kì í ṣe orúkọ wa gan-an. Ẹni tó bá mọ̀ wá yóò mọ̀ wá, ìyẹn ò burú.

Iṣẹ́ rìwáyà ni mò ń ṣe ní Bẹẹrẹ. Iná mọ́tò ni mò ń tún ṣe, mo sì máa ń so rédíò. Obìnrin ni mí. Kì í ṣe pé mo fi ìyẹn wá àánú o, àmọ́ ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Bàbá mi ló kọ́ mi níṣẹ́. Nígbà tó kú, àwọn oníbàárà rẹ̀ wò mí lókè, wọ́n wò mí nílẹ̀, wọ́n ní ṣé obìnrin yìí á lè so wáyà? Àwọn kan á dúró tì mí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n á máa ṣọ́ ọwọ́ mi bí ẹni pé mo fẹ́ jalè.

Ẹnu mi mú, mo máa ń fún wọn lésì. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí. Mo wá pinnu pé kò sí ọkùnrin kan ní gbogbo Bẹẹrẹ tí yóò rí àṣìṣe mi láéláé. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti kó wàhálà.

Ìjọ Aládùúrà kan náà ni èmi àti Bàbá Àyìnlá jọ ń lọ ní Oníyanrìn. Ọmọ Ìbàdàn ni, ṣùgbọ́n abúlé apẹja ni wọ́n ti bí ìyá rẹ̀, ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ ojú omi láti kékeré. Nígbà tí mò ń sọ yìí, ó ti tó ọdún mẹ́tàdínlógún tó ti ń wa ọkọ̀ fún ọ̀gá kan, ẹnjiníà tó ti fẹ̀yìn tì, lórí adágún omi kan tí kò jìnnà sí Ìbàdàn. Sátidé àti Sọ́ńdè nìkan ni wọ́n fi ń gbé àlejò kiri lórí omi. Ní ọjọ́ márùn-ún yòókù, ọkọ̀ á wà ní èbúté, Bàbá á sì wà nílé.

Ọ̀gá náà ní òun fẹ́ rédíò olóhùn ńlá sínú ọkọ̀, kí àlejò máa gbọ́ orin. Ó ti ní ẹni tó fẹ́ pè. Bàbá Àyìnlá ló sọ pé èmi ni kí wọ́n pè, pé òun mọ bàbá mi, òun sì mọ ọwọ́ mi. Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà nìyẹn. Ẹni tó mú mi dé ibẹ̀ ni mo ṣe báyìí.

Kí n tó lọ, ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, “Ìyá Tòbi, ọkọ̀ wa kì í ṣe mọ́tò. Tó bá kú sórí omi, kò sí ẹni tó máa bá wa tì í. Jọ̀ọ́, so ó kí rédíò yẹn má baà máa mu bátìrì nígbà tí a ò sí níbẹ̀.” Mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀, kí ẹ lè mọ bí ẹ̀ṣẹ̀ mi ṣe tó. Rédíò mọ́tò ní wáyà iná méjì. Pupa máa ń lọ síbi kọ́kọ́rọ́: tí ẹ bá ti yọ kọ́kọ́rọ́, rédíò kú. Yẹ́lò máa ń lọ tààrà sí bátìrì, òun ló ń jẹ́ kí rédíò rántí aago àti ibi tí ẹ yí i sí. Rédíò ìbáà kú, yẹ́lò á ṣì máa mu díẹ̀díẹ̀. Ní Bẹẹrẹ, a kì í ka ìyẹn sí nǹkan kan, torí takisí tó ń jáde lójoojúmọ́, ohun tí yẹ́lò bá mu, ẹ́ńjìnnì á dá a padà.

Wáyà kẹta tún wà, búlúù, tínrín báyìí. Ó máa ń lọ sí ampilifáyà, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè, tí òun náà ń mu iná láti ara yẹ́lò. Òun ló ń jí ampilifáyà, òun náà ló ń ní kó sùn. Bí kò bá sí ohun tó ní kó sùn, ampilifáyà kò ní sùn. Á lajú sílẹ̀ láìsí orin, láìsí ariwo, á sì máa mu bátìrì bí ẹni mu gàrí.

Fún ọkọ̀ tó ń sinmi fún ọjọ́ márùn-ún, ohun tó yẹ ni kí ẹ fi súìsì ńlá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, kí gbogbo wáyà rédíò gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ bá ti gbé e sísàlẹ̀, kò sí ohun tí yóò mu nǹkan kan mọ́. Rédíò á gbàgbé aago rẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bátìrì á yè.

Bí mo ṣe so ó nìyẹn ní ọjọ́ Tọ́sìdé. Mo so ó dáadáa. Mo kọ́ Bàbá: gbé e sókè, iná dé, gbé e sísàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ kú. Ó ṣe é lójú mi lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní ó ti yé òun. Ó yé e lóòótọ́.

Ní Sátidé, mo padà lọ kí àlejò lè gbọ́ orin, kí ọ̀gá sì rí i pé iṣẹ́ ti parí. Àwọn àlejò ti dé, wọ́n ti wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì. Ọ̀gá tan rédíò. Aago ń ṣẹ́jú ní òdo òdo, gbogbo ibi tí ọ̀gá ti yí i sí ní Tọ́sìdé ti pòórá. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní rédíò tuntun wo ló ń gbàgbé báyìí? Ó wá sọ̀rọ̀ kan sí Bàbá Àyìnlá lójú gbogbo èèyàn, ó ní, “Ṣé mi ò sọ fún yín pé ká pe ẹni tó mọ iṣẹ́?”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yẹn gún mi dé egungun. Ó yẹ kí n ṣàlàyé fún un ni. Gbólóhùn méjì péré ni ì bá gbà. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Inú bí mi, mo bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ àga, mo yọ yẹ́lò kúrò nínú súìsì, mo kàn án mọ́ bátìrì tààrà bí a ṣe ń ṣe fún takisí. Bí mo ṣe ń fà á, oríkèé búlúù já. Ibi tó yẹ kí n so ó sí wà lẹ́yìn pákó tí mo ti dè pa. Àwọn àlejò ń wo aago ọwọ́ wọn. Mo bá lọ́ búlúù mọ́ yẹ́lò, mo fi téèpù dúdú wé e, mo ní n ó padà wá tún un ṣe ní Mọ́ńdè.

Rédíò dáhùn. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní mo gbìyànjú. Orí mi wú bí mo ṣe ń lọ sílé.

Ní Mọ́ńdè, takisí méjì ń dúró dè mí. Nígbà tó fi máa di Túsìdeè, mo ti gbàgbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí gbólóhùn yìí: èmi ni mo gbàgbé. Mi ò sì sọ fún Bàbá pé mo ti fọwọ́ kan nǹkan kan. Lójú tirẹ̀, bó bá gbé súìsì sísàlẹ̀, ohun gbogbo ti kú. Kò mọ̀ pé súìsì náà ò ju nǹkan ọ̀ṣọ́ lọ mọ́, pé ampilifáyà ń lajú lábẹ́ àga ní gbogbo ọjọ́ márùn-ún yẹn.

Sátidé tó tẹ̀ lé e ló ṣẹlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rojú kó tó jí. Bàbá sọ fún ọ̀gá pé ohùn bátìrì yìí ò tẹ́ òun lọ́rùn. Ọ̀gá ní àlejò ti ń dúró, ẹ máa lọ.

Ìdílé kan tó ń ṣe ọjọ́ ìbí ni wọ́n gbé, èèyàn mẹ́jọ. Nígbà tí wọ́n dé àárín omi, Bàbá pa ẹ́ńjìnnì bó ṣe máa ń ṣe, kí wọ́n lè jẹun kí wọ́n sì ya fọ́tò. Orin ń lọ. Kò pẹ́, orin dákẹ́ fúnra rẹ̀. Bàbá yí kọ́kọ́rọ́, kò sí nǹkan kan. Atẹ́gùn òjò wá dìde. Ó ń tì wọ́n lọ síhà ibi tí kùkùté igi wà lábẹ́ omi. Bàbá ń fi okùn fa ẹ́ńjìnnì, ó fà á títí èjìká rẹ̀ fi wú, àwọn ọmọdé ń ké. Ọkọ̀ gbá kùkùté, ìyá ọlọ́jọ́ ìbí ṣubú, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́. Apẹja kan tó wà nítòsí ló fi ọkọ̀ tirẹ̀ fà wọ́n dé èbúté.

Kò sẹ́ni tó kú. Mo dúpẹ́. Mo máa ń sọ ọ́ fún ara mi ṣáá pé kò sẹ́ni tó kú, títí ó fi di pé kò tù mí nínú mọ́.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n pè mí kí n wá wo ohun tó fà á. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ àga báyìí, mo rí téèpù dúdú mi. Ọ̀gá dúró lẹ́yìn mi, Bàbá Àyìnlá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ti fi aṣọ so ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kọ́ ọrùn. Ọ̀gá ní, “Kí lo rí?”

Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí, ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. Mo wá rántí gbogbo àwọn ọkùnrin Bẹẹrẹ, mo rò ó bí wọn yóò ṣe máa rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Iṣẹ́ mi ò ní àbùkù kankan. Bóyá wọn ò pa súìsì ni.”

Bàbá ní, “Mo pa á.” Kò pariwo. Ó tún ní òun fi ọwọ́ òun gbé e sísàlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè kí òun tó lọ sílé.

Mo wo ojú rẹ̀, mo ní, “Bàbá, bóyá ẹ gbàgbé ni.”

Ẹyin lọ̀rọ̀, tó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo rí Bàbá tó ń wá ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè yẹn nínú orí ara rẹ̀. Ọ̀gá mi orí. Ó ní, “Bàbá, ẹ ti dàgbà. Ẹ lọ sinmi.” Ọdún mẹ́tàdínlógún parí síbẹ̀.

Wọ́n lọ sábẹ́ igi láti sọ̀rọ̀. Mo ní mò ń fi tẹ́sítà yẹ̀ ẹ́ wò. Mo tú téèpù mi, mo dá yẹ́lò padà sínú súìsì, mo ṣí pákó, mo so búlúù síbi tó yẹ, mo kó téèpù sápò. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n rárá. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá padà dé, tó tún bi mí nípa aago rédíò, mo ṣàlàyé fún un pé ọkọ̀ tó ń sinmi gbọ́dọ̀ máa gbàgbé aago. Ó ní kò burú. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rọrùn tó.

Láti ìgbà náà, awakọ̀ tuntun ń wa ọkọ̀, bátìrì ò kú rí. Gbogbo èèyàn wá ní ẹ ò rí i, Bàbá ni lóòótọ́.

Mo rò pé yóò gbà á bí ìyà tí kò tọ́ sí i, pé yóò bínú, yóò sì gbé e kúrò lọ́kàn. Ká ló bínú sí mi ni, ì bá sàn fún mi. Kò bínú. Ó gbà mí gbọ́.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ wa lọ kí i nílé. Mo bá wọn lọ, torí bí mi ò bá lọ, wọn á bèèrè. Mo rí àmì ṣọ́ọ̀kì lára férémù ilẹ̀kùn rẹ̀, ó pọ̀ lọ súà, àwọn mìíràn tún wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Mo bi Bọ̀sẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń tajà ní Ọjà'ba, pé kí nìyẹn. Ó ní tí Bàbá bá ti ilẹ̀kùn, wọ́n á fa ìlà kan, tí wọ́n bá pa sítóòfù, wọ́n á tún fa ìlà kan, kí wọ́n lè mọ̀ pé àwọn ti ṣe é. Ó ní láti ọjọ́ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn ni. Wọ́n gbé oúnjẹ fún wa. Mi ò lè jẹ ẹ́.

Mo ti ṣọ́ ọ láti ìgbà náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́. Kò sí ohun tó ṣe orí Bàbá. Ó mọ ọjọ́ ìbí gbogbo ọmọ ọmọ rẹ̀. Ó ń ka sáàmù lórí láìwo Bíbélì. Ẹ̀rù ara rẹ̀ ló ń bà á.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní Àkúrẹ́ ti wá sọ pé kò yẹ kí Bàbá dá gbé mọ́. Sátidé tó ń bọ̀ ni wọn yóò mú un lọ sí Àkúrẹ́, wọn yóò sì ti ilé Bẹyẹrúnkà pa. Inú ilé yẹn ni wọ́n bí i sí, inú rẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ kú sí. Bọ̀sẹ̀ ní Bàbá ò bá wọn jà. Bàbá fúnra rẹ̀ ní ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èèyàn mẹ́jọ sórí omi, kò yẹ kó máa dá sítóòfù tàn.

Mo sọ fún ọkọ mi, òun nìkan ni mo sọ fún. Ó ní kí n fi í sílẹ̀, ohun tó ti lọ ti lọ, pé ṣé mo fẹ́ kí obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́ gbé mi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá ni? Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ, bẹ́ẹ̀ la ṣe wà nínú ilé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan ló jẹ́ kí n kọ̀wé sí yín. Èyí tí n ó sọ yìí ló burú jù.

Ní Túsìdeè tó kọjá, ní ọ̀sán gangan, Bàbá Àyìnlá gun ọ̀kadà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo gbé àga fún un, mo kúnlẹ̀ kí i. Ó jókòó, ó ń wo àwọn wáyà tí mo so kọ́ ògiri. Ó wá ní, “Ìyá Tòbi, kí n tó lọ, mo ní ìbéèrè kan. Ìwọ lo mọ iṣẹ́ yìí. Tó bá ṣe pé mo gbé súìsì yẹn sísàlẹ̀ lóòótọ́, ṣé bátìrì yẹn ṣì lè kú?”

Ẹ ò rí i pé Ọlọ́run ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún mi gbayawu. Àwa méjì nìkan la wà níbẹ̀. Kò sí ọ̀gá, kò sí ọkùnrin Bẹẹrẹ kankan. “Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá” péré ni ì bá gbà.

Mo ní, “Kò lè kú, Bàbá.”

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. Ó ní, “Á jẹ́ pé èmi ni.” Ó dìde, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ṣàdúrà fún mi. Ó wá ní, “O ṣé tí o sọ òótọ́ fún mi. Àwọn ọmọ mi ń fi nǹkan pamọ́ fún mi, wọn ò fẹ́ kí ó dùn mí.” Ó gun ọ̀kadà, ó lọ. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, oníbàárà kan dé, mo ní eruku ló wọ̀ mí lójú.

Láti ọjọ́ náà mi ò lè so wáyà kan kó gún. Mo mọ̀ pé ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀, mo sì ti ṣe tán pé kó tọ̀ mí. Kí ọ̀gá sọ ohun tó bá fẹ́. Kí Bẹẹrẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́, n ó dọ̀bálẹ̀ fún un bí ọkùnrin. Ẹ̀rù ìyẹn ò bà mí tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ojú Bàbá ni mi ò mọ bí n ó ṣe wò, lẹ́yìn àdúrà yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n lọ bá òun nìkan kí n kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́, àbí kí n pe Bọ̀sẹ̀ àti ọmọ Àkúrẹ́ jọ, kí n sọ ọ́ lójú gbogbo wọn kí wọ́n má baà rò pé mò ń ṣàánú rẹ̀ ni? Ṣé ó ṣì lè gba orí ara rẹ̀ gbọ́, tí mo bá sọ ọ́ báyìí? Ẹ̀yin tí ẹ ní òbí arúgbó nílé, ẹ dá mi lóhùn kí Sátidé tó dé. Ẹ bú mi tí ẹ bá fẹ́ bú mi, ṣùgbọ́n ẹ dá mi lóhùn.

Bàbá Àyìnlá pa súìsì náà. Kò gbàgbé nǹkan kan. Èmi àti ọkọ mi nìkan la mọ̀ ọ́n ní gbogbo ayé yìí, òun fúnra rẹ̀ ò sì mọ̀.